Ọdún Tí Màríì Ń Gbàdúrà Lẹ́yìn Àká

Ilé wa ní Kambolé kì í dákẹ́, àfi lọ́sàn-án. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, búútà àlùwàlá á ti máa dún lára wọn lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Yáyà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ilé, á ti máa fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn kiri pé kí àwọn òkú oorun dìde. Bí a bá kírun Àsùbáà tán, ẹ̀kọ kókó á máa hó lórí iná, àwọn ẹtù á máa pariwo lórí òrùlé, àwọn ìyá wa á sì máa bá ara wọn jà lórí ẹni tí ó kàn láti pọnmi. Nírọ̀lẹ́, obìnrin mẹ́ta lórí odó kan, iyán ń dún kìì, kìì, kìì. Ṣùgbọ́n bí ìrun Àìlà bá ti parí, tí àwọn ọkùnrin wà lóko iṣu, tí oòrùn dúró gan-an lókè orí, ilé náà á pa lọ́lọ́, bíi pé ẹnì kan fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò lè jókòó lọ́sàn-án kí n má tan rédíò, àti pé bí rédíò bá ń sọ̀rọ̀, èmi náà á máa sọ tèmi. Wọ́n ń pè mí ní aláròyé. Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ọmọ ọdún méjìlá ni mí, mo sì gbọ́n púpọ̀ lójú ara mi. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ìwé nínú ilé wa, mo ń sọ Faransé sí ewúrẹ́, mo ń sọ ọ́ sí adìyẹ. Ọyẹ́ ọdún náà mú gan-an, ètè gbogbo wa bó, eruku pupa bo ohun gbogbo. Inú ọyẹ́ yẹn ni wọ́n mú Màríì wá láti Sokodé. Ìyá rẹ̀ la mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kátólíìkì ni, Yorùbá bíi tiwa ló ń sọ, ó máa ń wá ra iṣu ní Kambolé, ilé wa ló sì máa ń wọ̀ sí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ikọ́ kan wà lára rẹ̀ tí kì í lọ: ikọ́ gbígbẹ méjì, á dákẹ́ díẹ̀, á wá wú ọ̀kan sí i. A máa ń gbọ́ ikọ́ náà lẹ́nu ọ̀nà kí a tó gbọ́ ìkíni rẹ̀. Ikọ́ yẹn náà ló pa á. Bàbá Màríì ti kú ṣáájú, kò sí ẹbí kan tó lè gba ọmọ náà, obìnrin yìí sì ti sọ lórí ibùsùn ọsibítù pé bí òun bá lọ, kí wọ́n mú ọmọ òun lọ bá Ìyá Àgbà ní Kambolé. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò pa òun àti obìnrin Sokodé yìí pọ̀. Iyán ni wọ́n jọ ń jẹ.

Ìyá Àgbà ní láti lọ tẹ ìka sí ìwé ní bíró àwọn ọmọ, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọmọ aláìlóbìí, ní Tchamba, mo sì tẹ̀ lé wọn lọ, nítorí pé mo máa ń tẹ̀ lé gbogbo ohun tó bá kan ìwé. Bàbá Yáyà ti gbé Sokodé rí, ó gbọ́ Faransé níwọ̀nba, òun ló túmọ̀. Ìwé náà ní ẹ̀sìn tí ìyá ọmọ yìí fi sílẹ̀ fún un ni kó máa ṣe. Ẹni tó gbà á tọ́ kò gbọdọ̀ yí i padà sí ẹ̀sìn tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́ àdúrà tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, òfin á gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Ó ní, “Ìyẹn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ sínú ìwé? Amáánà mà ni. Ohun tí òkú bá ní kí o bá òun ṣọ́, bó ṣe fi sílẹ̀ ni wàá ṣe ṣọ́ ọ.” Ó tẹ ìka, ó fi etí aṣọ nu tàdáwà kúrò. Bí a ti ń padà bọ̀, ó ní, “Wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ alẹ́. Nínú ilé tèmi, kí n má gbọ́ ọ.” Kò sì gbọ́ ọ.

Màríì kò sọ̀rọ̀. Mo ní kò sọ̀rọ̀ rárá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ tónítóní, ó ń gbá ilẹ̀, ó ń ṣẹ́ àgbàdo, ó ń bá mi sùn lórí ẹní kan náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ “ẹ káàárọ̀” lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni. Ìyá Àgbà ní kí a fi í sílẹ̀, ẹnu á là nígbà tó bá fẹ́ là. Nígbà ìrun, bí gbogbo wa bá tò sẹ́yìn ara wa, Ìyá Àgbà á ní kí Màríì lọ bá òun tọ́jú iná, kó má baà dúró lọ́wọ́ lásán bí ẹni tí a lé sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fà á wọ inú ìrun. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màríámù, nítorí pé létí tiwa, orúkọ kan náà ni. Ìyá Àgbà á dá wọn lóhùn láti inú yàrá pé, “Màríì ni. Ẹ má bù ú, ẹ má fi kún un.” Inú àpò ẹrù ìyá ọmọ náà ló ti rí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn. Tèsùbáà àwọn Kátólíìkì ló ń pè é. Ó tẹ́ ẹní kékeré kan sí ìbòòji lẹ́yìn àká àgbàdo wa, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sí Màríì lọ́wọ́, ó ní, “Ibí ni tìrẹ. Ẹnikẹ́ni ò ní dí ọ lọ́wọ́.”

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, èèpo iṣu ni mò ń gbé lọ fún ewúrẹ́. Ọ̀sán gangan ni, ìdákẹ́jẹ́ tí mo wí yẹn ti dé. Mo gbọ́ ohùn ọmọdé kan lẹ́yìn àká, tín-ín-rín, mo sì mọ̀ pé Màríì ni, nítorí kò sí ọmọ mìíràn nílé. Inú mi dùn pé ẹnu rẹ̀ ti là. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dákẹ́. Ohùn kejì sọ tirẹ̀. Ohùn àgbà obìnrin ni, ó lọ sílẹ̀, kò kánjú. Màríì tún sọ. Ohùn kejì tún sọ. Wọ́n ń gbà á lẹ́nu ara wọn bí obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Mo rò pé àlejò ló wọlé gba ẹ̀yìn, mo fẹ́ lọ kí i. Ohùn kejì bá dúró láàárín ọ̀rọ̀, ó wúkọ́. Ikọ́ gbígbẹ méjì. Ó dákẹ́. Ó tún wú ọ̀kan. Igbá bọ́ lọ́wọ́ mi, èèpo iṣu sì dà sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi ni mi ò mọ bó ṣe gbé mi yí àká náà ká. Màríì nìkan ló wà níbẹ̀. Etí ẹní ló jókòó sí, bí ènìyàn ṣe ń jókòó tó bá ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò wò mí. Nígbà tó dìde lọ, mo wo ẹní náà dáadáa. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, ó bo ara àká, ó bo ìdajì ẹní tó wà lápá ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè tí Màríì fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn yẹn kò ní eruku kankan. Mo fọwọ́ kàn án. Inú òjìji ló wà láti òwúrọ̀, síbẹ̀ ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Títí di òní, bí mo bá fọwọ́ kan ibi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, ara mi máa ń bù máṣọ.

Mo sáré lọ sọ fún Ìyá Àgbà. Ó ń ka tèsùbáà tirẹ̀, kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà ayé rẹ̀. Àdúrà tiwọn yẹn, ẹnì kan á dá a, ẹnì kejì á gbè é. Kò sí Kátólíìkì nínú ilé yìí tó lè bá ọmọ náà ṣe é. Ó ti rí ẹni bá a ṣe é. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?” Ohùn rẹ̀ le, àmọ́ ìka rẹ̀ ti dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀ kan náà, kò sún síwájú. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń gbọ́ ọ, lójoojúmọ́, lẹ́yìn Àìlà. A kì í gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí a tó mọ̀: ohùn kékeré, ohùn ńlá, ohùn kékeré, ohùn ńlá, ikọ́. Gbogbo wa gbà pé ọmọ náà ń dá a, òkú ń gbè é. Ewúrẹ́ kò jẹ lẹ́yìn àká mọ́. Bàbá Yáyà fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá ní òun á pe Alfa wá ka nǹkan lé Màríì lórí.

“Kó ka kí ni?” Ìyá Àgbà bi í. “Ìwé tí mo tẹ̀ ńkọ́? Bí Alfa bá ka nǹkan lé e lórí, kì í ṣe pé mo ti ń yí i padà nìyẹn?”

“Ìyá, òkú mà ń wọ ilé wa.”

“Ilé wo ni òkú ò sí? Ẹni tó kọ́ èyí tí o jókòó sí yìí, ṣé ó wà láàyè?”

Bàbá Yáyà na ọwọ́ mú ọkọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí oko, kò sì jẹun ọ̀sán nílé mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe wà: Ìyá Àgbà nìkan ló dúró láàárín ọmọ náà àti gbogbo wa. Èmi tí mò ń bá Màríì sùn, mi ò rí oorun sùn mọ́. Bó bá yí ara padà, màá dì mú ògiri. Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹni ọdún mi kì í fi irọ́ ṣe ọ̀ṣọ́: mo kórìíra rẹ̀. Ọmọ tí kò ṣe mí ní nǹkan kan, tó máa ń fi wàgáàṣì, wàrà inú ọbẹ̀ rẹ̀, sí àwo mi láìsọ̀rọ̀, mo ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú un kúrò nílé wa.

Ọjọ́ ọjà Koussountou ni Màdáàmù kan láti bíró àwọn ọmọ dé lórí alùpùpù. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un ní Tchamba pé a ti sọ Màríì di Màríámù. Ará gúúsù ni, èdè Ewé àti Faransé ló gbọ́, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Tem. Bàbá Yáyà sì ti lọ sọ́jà. A gbé àga fún Màdáàmù, a bu omi fún un. Ìyá Àgbà jókòó lórí ẹní, Màríì jókòó tì í, èmi dúró láàárín wọn, orí mi ń wú. Ó béèrè ohun tí ọmọ náà ń jẹ. Ó béèrè ibi tó ń sùn. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ ṣákáṣáká, Màdáàmù sì ní Faransé mi dára. Ó wá béèrè bóyá ọmọ náà ń… Ọ̀rọ̀ tó lò ni prier. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹni tó forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, prier ló ń ṣe. Ẹni tó kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, prier náà ni. Lẹ́nu tiwa, ìrun ni ìrun, àdúrà ni àdúrà. Mùsùlùmí ló ń kírun, gbogbo ayé ló ń gbàdúrà. Èmi ọlọ́gbọ́n, prier tí mo mọ̀ kò ju ohun tí à ń ṣe nílé wa lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.

“Ìyá Àgbà, wọ́n ní ṣé Màríì ń kírun.”

Ìyá Àgbà na ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbéèrè tó ti ń retí láti ọjọ́ tó tẹ̀ka nìyẹn. “Sọ fún wọn pé kì í kírun. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò kírun rí, níwọ̀n ìgbà tí mo bá sì wà láàyè, mi ò ní jẹ́ kó kírun. Ọlọ́run ń gbọ́ mi.”

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú Faransé, mi ò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kì í prier. Kò prier rí. Ìyá àgbàlagbà yìí ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè, òun kò ní jẹ́ kó prier. Bíírò tí Màdáàmù fi ń kọ̀wé dúró. Ó wo Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Màdáàmù kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi Faransé bi Màríì fúnra rẹ̀ léèrè. Màríì kò wò ó. Èmi ló ń wò. Ẹyinjú rẹ̀ kò mì.

Màdáàmù wá yí sí mi. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ ti fi etí ara rẹ gbọ́ kó prier rí?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti là sí méjì nínú orí mi. Etí. A kì í fi etí gbọ́ ìrun ọmọdé, ojú la fi ń rí i. Àdúrà la fi etí ń gbọ́. Mo mọ ohun tó ń bi mí, mo sì mọ ohun tí mo ti sọ. Kò pẹ́ jù. Gbólóhùn kan péré, kí n ní “Ẹ dúró, mo ṣì í túmọ̀,” ó ti parí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, mò ń wo àká láti ibi tí mo dúró, oòrùn sì ti ń lọ sí òkè orí. Bí mo bá sọ òótọ́, Màríì á tún sùn tì mí lónìí, á sùn tì mí lọ́la, pẹ̀lú ohun tó ń bá a rìn. Mo ní, “Non.” Àṣìṣe ni ti àkọ́kọ́. Èyí kì í ṣe àṣìṣe.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n wá mú un lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní Sokodé. Ìwé tí wọ́n mú wá ní Ìyá Àgbà dí i lọ́wọ́ àdúrà rẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́. Bàbá Yáyà lọ sí Tchamba lẹ́ẹ̀kan láti bá wọn sọ̀rọ̀, kò sì tẹnu mọ́ ọn. Mo rò pé ọkàn tirẹ̀ náà balẹ̀. Ìyá Àgbà di ẹrù ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ kó má baà dín kan, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí eruku mọ́tò fi rọlẹ̀. Ó yí sí mi, ó ní, “Kí ni mo ṣe?” Mo ní mi ò mọ̀. Ó bi mí bẹ́ẹ̀ ní ọdún yẹn, ó bi mí ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó bi mí lórí ẹní àìsàn tó gbé e lọ. Amáánà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń rò títí tó fi kú, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì sọ fún un.

Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó lọ sí Sokodé. Ọmọ mi obìnrin ló bá mi wá nọ́ńbà rẹ̀. Téláàrì ni Màríì báyìí, ó sanra díẹ̀, ọmọ pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ débi pé èmi aláròyé ni mo dákẹ́. Ó gún iyán fún mi. Nígbà tí a jẹun tán, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí prier dé orí non. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n, mo mà wà níbẹ̀. Mo gbọ́ Faransé jù yín lọ nígbà náà. Ọmọ Sokodé ni mí.”

“O ò sì bínú?”

“Mo bínú. Mo bínú títí mo fi bímọ.” Ó ṣa òwú kúrò lára aṣọ rẹ̀. “Nínú ilé tí wọ́n mú mi lọ, àdúrà ni láàárọ̀, àdúrà ni lálẹ́. Kò sẹ́ni tó dí mi lọ́wọ́. Àmọ́ mi ò gbọ́ ohùn ìyá mi níbẹ̀ rí. Mo dúró dè é.”

Mo ní bóyá nítorí pé kò dá a sókè bó ṣe ń dá a lọ́dọ̀ wa ni kò fi rí ẹni gbè é.

“Èmi kẹ̀? Ta ló ní èmi ni mò ń dá a? Ègbè nìkan ni mo mọ̀ nígbà yẹn. Ìyá mi ló máa ń dá a.” Ó sún mọ́ mi. “Ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn tí mo lọ, ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ọ?”

Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, mi ò sì sọ ọ́ fún ọmọ tàbí ọkọ. Mo lè ní rárá. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” mo ní. “Lójoojúmọ́, lẹ́yìn Àìlà, títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀. Á sọ tirẹ̀, á dúró. Á wúkọ́, á tún sọ, á tún dúró.”

“Kò sì sẹ́ni tó gbè é?”

“Ta ló mọ̀ ọ́n? Gbogbo wa máa ń sá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà lásìkò yẹn. Ìyá Àgbà nìkan ló mú tèsùbáà rẹ̀ lọ jókòó lórí ẹní rẹ lẹ́yìn àká. Bí ìyá rẹ bá ti dúró, òun á ní Àmín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ níbẹ̀ nìyẹn.”

Màríì fa ìborí rẹ̀ bo ojú, ó sì sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.